Irú ọ̀gá wo ni òṣìṣẹ́ tó wà lórí físà máa ń bá ṣiṣẹ́ pẹ́?

Igbákejì_Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Igbákejì máníjà ni mí ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní England. Nàìjíríà, Zimbabwe àti Íńdíà ni púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ wa ti wá, sípọ́ńsọ̀ wa, ìyẹn ìgbọ̀wọ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe fún físà wọn, ni wọ́n sì fi wà níbí. Tí a bá bi wọ́n léèrè, "kò sí ìṣòro, ọ̀gá" ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti rí sípọ́ńsọ̀ mìíràn, wọ́n ti lọ nìyẹn. Máníjà gbà pé ọwọ́ líle ló ń mú iṣẹ́ yá. Èmi rò pé ká jẹ́ kí kálukú máa dá ṣe tirẹ̀. Èwo ni ká mú?

Ìyá_Rótà:
Kò sí èyí tó máa mú wọn dúró nínú méjèèjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ oògùn, tí ẹ wá ní kó dá ṣe é, ìbẹ̀rù ló máa fi ṣe é. Ọwọ́ líle tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí físà. Bí sípọ́ńsọ̀ bá bọ́, 60 ọjọ́ ni ìjọba sábà máa ń fún èèyàn láti wá òmíràn. Ta ló máa ro ìyẹn, tó máa sọ fún ọ̀gá pé ó ti rẹ òun? "Kò sí ìṣòro" yẹn kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ tún rótà (ìwé tí ẹ fi ń pín ṣíífìtì) ṣe kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìwúrí kankan. Ẹ gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ ka iye òru àti òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ fi ti àwọn tó wà lórí físà wé ti àwọn yòókù. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: bí ara ẹnì kan ò bá yá, ẹni tí kò lè sọ pé rárá ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Wákàtí 48 lọ́sẹ̀ ni òfin sọ, tí wọ́n bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀ 17, àyàfi ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni náà lè yí ọkàn padà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún.

Olùtọ́jú_Àgbà:
Òótọ́ ni ti rótà yẹn. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ìṣòro wà?" mọ́. Lójú ẹni tí wọ́n tọ́ pé a kì í fẹjọ́ ọ̀gá sun ọ̀gá, pańpẹ́ ni. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣíífìtì wo ló wúwo jù lóṣù yìí, kí ló sì fà á?" Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóṣooṣù, ní ìdákọ́ńkọ́, pẹ̀lú ẹni tí kì í bójú tó ìwé sípọ́ńsọ̀. Ẹ fún un lésì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ì báà jẹ́ "kò ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ nìyí". Ọ̀gá tó ń béèrè tí kì í padà wá, ó sàn kó má béèrè rárá.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí lójú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Ẹni ọdún 45 tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé nílé, tí ọmọ ọdún 23 ń jágbe mọ́ láàárín èrò, ọjọ́ yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ físà nínú ìbáwí láéláé.

Oníwèé_Físà:
Ìgbéga kù. Ẹ dárúkọ ẹ̀kọ́ náà ní pàtó, Level 3 Diploma in Adult Care, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó máa sanwó. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: 6135 ni nọ́ńbà iṣẹ́ care worker (olùtọ́jú) lórí ìwé físà, 6136 ni ti senior care worker, ipò tó ga jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò físà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yí ipò ẹnikẹ́ni padà.

Ẹ̀yin náà tí ẹ jẹ́ Yorùbá, "ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi mú ṣíífìtì yìí" ṣòroó kọ̀ ju àṣẹ máníjà lọ. Ẹ fi ṣíífìtì tó ṣófo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un.

Igbákejì_Leeds:
Ẹ ṣé gan-an. Máníjà ló ń bójú tó ìwé sípọ́ńsọ̀, òun náà ló sì ń bá wọn jókòó lóṣooṣù. Ta ni kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Olùtọ́jú_Àgbà:
Ẹ̀yin gan-an. Kí máníjà máa rí ìròyìn rẹ̀ láìsí orúkọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe òru, torí àwọn ni ọ̀gá kì í sábà rí.