Bí mo ṣe múra ẹ̀kọ́ àṣefihàn fún iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Japan

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ẹ̀kọ́ àṣefihàn lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré tí a fi ń han àwọn tó fẹ́ gbà wá síṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹnu ọmọ ni wọ́n ń wò, bóyá ó ń là. Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́, wọ́n ti gbọ́ ìyẹn látìgbà tí ẹ ti kí wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ àdáni kan ní Japan ni mo kọ̀wé sí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní eikaiwa, níbi tí ọmọdé àti àgbà ti ń kọ́ bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ilé ìwé tàbí iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe kò gùn: ìṣẹ́jú 10, ọmọ ọdún 7 sí 8 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, “I can” àti “I can't”. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn ló máa ṣe bí ọmọ kíláàsì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjì. Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè. Olùkọ́ tó fẹ́ mọ irú ọmọ tó fẹ́ kọ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ti ṣe TEFL, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn, mọ ètò náà: olùkọ́ á fi ọ̀rọ̀ hàn, gbogbo kíláàsì á jọ fi dánra wò, ọmọ á wá fi sọ tinú ara rẹ̀. Ìpele kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dé kí aago tó lù. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to tèmi. Mo kọ́kọ́ ya ìṣẹ́jú 4 sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí n tó pín 6 yòókù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo mú: jump, dance, cook, swim. Mo fi run àti read sílẹ̀, torí èdè Japan kì í ya ìró r àti l sọ́tọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn jẹ àkókò can. Can fúnra rẹ̀ nílò ìtọ́jú. Bí èèyàn bá ń yára sọ̀rọ̀, t tó wà ní ìparí can't kì í fẹ́ẹ́ dún, ọmọ lè má mọ èwo ni wọ́n sọ. Mo wá ń mi orí sókè sílẹ̀ fún can, sọ́tùn-ún sósì fún can't.

Mo ká ara mi sórí fóònù, mo pa ohùn rẹ̀, mo wá wò ó. Ibi tí mi ò bá ti lè fi ojú lásán mọ ohun tí mò ń ní kí ọmọ ṣe, mo tún ibẹ̀ ṣe. “Now I would like you to look at this picture” di “Look”, pẹ̀lú ìka tó ń tọ́ka. Bí ẹ bá ń ṣe tiyín lórí Zoom, tí lẹ́tà sì yí sódì lójú yín, ẹ má dààmú, ó ń hàn dáadáa lọ́dọ̀ àwọn tó ń wò yín.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin tó ń ṣe ọmọ sọ pé “I can jumping.” Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mi ò ṣàlàyé gírámà kankan. Mo na ìka mẹ́ta, mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: I, can... Nígbà tí mo dé ìka kẹta, mo dákẹ́, mo wò ó lójú. Òun fúnra rẹ̀ tún un sọ. Ẹnìkejì ò dáhùn rárá, ó kàn tẹrí ba. Mi ò fipá yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé àwòrán sókè, mo ní kó fi àtàǹpàkò dáhùn, sókè tàbí sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó rọra sọ “can't”. Kò sí kíláàsì tí ọmọ tó ń tijú kì í sí. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe fún un kí ẹ tó wọlé.

Wọ́n wá béèrè ohun tí mo máa kọ́ wọn tẹ̀ lé e. Mo ní “Can you?”, kí àwọn ọmọ lè máa bi ara wọn ní ìbéèrè. Wọ́n gbà mí.

Ẹni tó bá ń wo Gúúsù Kòríà, kó kọ́kọ́ yẹ físà E-2 wò. Ọmọ orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí wọ́n dárúkọ ni wọ́n ń fún láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dùn mí, torí olùkọ́ tó dáńgájíá pọ̀ tí ìyẹn tì síta.

Ẹ kọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún yín síbí, ká jọ wò ó.