Lórí "àìlèpín": kí la ó máa pe nọ́ńbà bíi 7 àti 13?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú akitiyan. Mo rí àbá yín pé kí á máa pe nọ́ńbà bíi 2, 3, 5, 7 àti 11 ("prime number" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "nọ́ńbà àìlèpín". Ó sàn ju "nọ́ńbà àkọ́kọ́" tí àwọn kan ń kọ lọ fíìfíì; n kò mọ ohun tí 13 ṣáájú tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ "àìlèpín" náà kù díẹ̀ káàtó. Ẹ fún ọmọ méjì ní ọsàn méje kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní pín in: mẹ́ta-mẹ́ta, wọn á la èyí tó kù sí méjì. Kì í ṣe pínpín ni 7 kọ̀. Ẹ to ọmọ ayò 12 sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ó lè jẹ́ ìlà méjì, mẹ́fà-mẹ́fà, tàbí ìlà mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ wá to 7. Ìlà kan gbọọrọ ni.

"Ọlọ́nà-kan" ni èmi dábàá. Ta ni kò gbọ́ "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà" rí? 12 ní ọ̀nà mẹ́ta: 1 lọ́nà 12, 2 lọ́nà 6, 3 lọ́nà 4. 7 ní ẹyọ kan péré. Kí n tètè sọ àléébù rẹ̀ kí ẹ tó fi mú mi: 1 pàápàá, ọ̀nà kan ló ní, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò kì í kà á mọ́ wọn. A ó ní láti fi kún un pé láti 2 lọ sókè ni.

Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni irú nọ́ńbà ọlọ́nà-kan tí Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà 136,279,841, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, kí ẹ yọ 1. Bí ẹ bá ń pe àmì-òǹkà rẹ̀ ní ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsùn, ó ju 470 ọjọ́ lọ kí ẹ tó parí: 41,024,320 ni wọ́n. Orúkọ Marin Mersenne, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ará Faransé, ni wọ́n fi ń pe irú wọn. Ṣùgbọ́n "yọ 1" yẹn, ṣé kì í ṣe ọ̀nà tí àwa náà ń gbà kà á nìyẹn? Ọ̀kàndínlógún, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n. Mo fẹ́ kí á pè wọ́n ní "ọ̀kàndín": 3 jẹ́ 4 dín kan, 7 jẹ́ 8 dín kan, 31 jẹ́ 32 dín kan.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀kàndín ló jẹ́ ọlọ́nà-kan o. Ẹ fi 2 mọ́kànlá ṣe é, 2047 lẹ ó rí, 23 lọ́nà 89 sì ni. Mersenne fúnra rẹ̀ ṣìnà níbi èyí tí a fi 2 nígbà 67 ṣe: ó kà á mọ́ ọlọ́nà-kan. Ọdún 1903 ni Frank Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tú u fó: 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287.

Ohun tó kù tí mi ò rí yanjú ni pé ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀kàndín", 19 ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, 19 kò sì sí lára wọn. Ó yẹ kí 2 hàn nínú orúkọ náà. "Èjìdín" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ 18 ti gbà á.