Ẹ bá wa dá sí i: "crass", ṣé àrífín náà ni àbí nǹkan míì?

ỌmọÒkèlélé:
Asalamu alaekun, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló dá wàhálà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ní Ìlọrin níbí. Ọkọ ọ̀gá wa obìnrin kan ṣaláìsí, gbogbo wa lọ síbi àdúà fídáù. Àfáà ṣì ń ṣe wáàsí lọ́wọ́ o, bọ̀dá kan láàárín wa dìde lọ bá màmá yẹn níbi tí wọ́n jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní Ọlọ́run á fi àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ bàbá, bó ṣe ń dìde báyìí ló ní "Mummy, mọ́tò funfun tó wà lọ́gbà yẹn, ṣé ẹ máa tà á? Owó wà lọ́wọ́ mi o." Màmá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fa ìborùn bojú. Nígbà tó dalẹ́ ni sístà kan kọ ọ́ sórí WhatsApp wa pé "that was crass". Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá ní òun ò bú ẹnikẹ́ni, òun dọ̀bálẹ̀, òun ṣàdúà, "ẹ" lòun fi bá wọn sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibo ni àrífín wà níbẹ̀? Mo yẹ díkíṣọ́nárì wò, mo rí rude, mo tún rí stupid, gbogbo ẹ̀ wá dàrú mọ́ mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló túmọ̀ sí gan-an, báwo la sì ṣe ń lò ó?

TíṣàỌ̀fà:
Sístà yẹn ò ṣì í lò rárá. Rude ló sún mọ́ àrífín, ọmọ tí ò kí àgbà, ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn. Crass yàtọ̀, onítọ̀hún ò rí ipò tí ọmọnìkejì ẹ̀ wà, tàbí ó rí i ṣùgbọ́n kò kà á sí, ó wá la ẹnu sọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò ẹ̀. Torí ẹ̀ lèèyàn ṣe lè dọ̀bálẹ̀ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó sọ ṣì jẹ́ crass. Lójú tèmi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i, torí ó fi hàn pé ó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n.

Lílò ẹ̀ ò le. A crass remark, a crass question, tàbí it was crass of him to ask about the car. Crassness ni ìwà náà fúnra ẹ̀, crassly ni ti bí èèyàn ṣe ṣe nǹkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe o, ẹ ò lè sọ pé "he crassed me". Kí ẹ sì pe s tó gbẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa kó má di crash.

Ajíkọ̀bi:
Ẹ kú àlàyé o. Ṣé kì í ṣe ara Crassus, olówó Róòmù ayé àtijọ́ yẹn, ni wọ́n ti yọ ọ́? Wọ́n kọ ọ́ nínú ìtàn pé tí ilé bá ń jóná ní Róòmù, ó máa ń ra ilé tó ń jó lọ́wọ́ onílé, á tún ra èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí ẹ̀rù ti ba àwọn onílé, iyekíye ni wọ́n máa gbà. Ẹ wo ìyẹn náà, ó fara jọ ti bọ̀dá onímọ́tò yẹn dáadáa.

TíṣàỌ̀fà:
Ìwà wọn jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò wá láti ara ẹ̀. Látìn ni crassus, ohun tó ki, tó nípọn, tó sanra. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ ìdílé Marcus Licinius Crassus náà ti wá, ẹni tó kú sógun ní Carrhae lọ́dún 53 ṣáájú ìbí Jésù. Gíríìsì tí mẹkáníìkì ń rọ́ sí bíárìn, orísun kan náà ni wọ́n ní. Nǹkan tó ki ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń lò ó fún, ó wá di ti ọpọlọ tí nǹkan ò tètè wọ̀, ibẹ̀ ni crass ignorance ti wá tí ẹ ṣì máa ń rí nínú ìwé ìròyìn, òun náà ló fà á tí ẹ fi rí stupid nínú díkíṣọ́nárì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwà.

ÌyáÌbejìỌ̀mùÀrán:
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba crass commercialism, òun ló sì wọ́pọ̀ jù láyìíká wa báyìí. Ẹni tó ń pín ìwé ìpolówó ilẹ̀ títà níbi ìsìnkú. Ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ níwájú ẹ̀, òkú ṣì wà nílẹ̀ lójú títì, ó ń ya fídíò torí kí èèyàn lè pọ̀ lórí péèjì ẹ̀. Inú máa ń bí mi gan-an sí ìyẹn, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ẹbí míì ti ń rí òkú èèyàn wọn kí ẹnikẹ́ni tó wá túfọ̀ fún wọn. Kò bú ẹnikẹ́ni o, kò sọ̀rọ̀ rárá, crass ni síbẹ̀.

ỌmọÒkèlélé:
Ọlọ́run á san yín lóore. Ó ti yé mi. Bọ̀dá yẹn jù mí lọ dáadáa, tí mo bá fẹ́ bá a sọ ọ́, ṣé mo lè kọ "sir, your question was crass"?

TíṣàỌ̀fà:
Àgbẹdọ̀. Sir ò lè rọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, kì í ṣe ohun tí àbúrò ń kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Tactless fúyẹ́ díẹ̀, ìyẹn ni pé kò mọ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Callous wá le ju crass lọ, ọ̀dájú nìyẹn, ó mọ̀ pé ó máa dun èèyàn, kò sì kàn án, ẹ má lò ó fún un torí kò jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ní kọ̀rọ̀, ẹ kúrò lórí WhatsApp.

ÌyáÌbejìỌ̀mùÀrán:
Kó sì wá ẹni tó jù ú lọ mú dání, kí wọ́n jọ lọ bẹ màmá yẹn nílé. Kó má dárúkọ mọ́tò o, kó má tiẹ̀ sọ pé torí mọ́tò lòun ṣe wá.