Lísìtì oníkọ́mà nínú stored procedure: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Leicester
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ database, mo nílò yín. Mo ní stored procedure kan (àkójọ àṣẹ tí a tọ́jú sínú database) lórí SQL Server 2019 tó ń gbé ìjábọ̀ ọjà jáde fún àwọn ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa. Ọ̀gá á yan ẹ̀ka tó bá wù ú, app á wá fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ báyìí: '12,15,19'. Ohun tí mo kọ rèé:

`WHERE BranchId IN (@Branches)`

Tó bá yan ẹ̀ka kan ṣoṣo, kò sí wàhálà. Tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, ó ní: *Conversion failed when converting the varchar value '12,15,19' to data type int.* Ẹni tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́ ní kí n so lísìtì yẹn mọ́ query, kí n fi EXEC, àṣẹ tó ń mú ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ bíi query, ṣe é. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ má dán an wò! Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi `12); DROP TABLE Sales; --` ránṣẹ́ dípò nọ́ńbà, server á ṣe é bó ṣe rí i. Kò bìkítà ẹni tó kọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni @Branches lójú server. Kọ́mà inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí lẹ́tà A tàbí B. Bí ẹ bá kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta pọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹni tó ń pín lẹ́tà á máa wá ẹnì kan tó ń jẹ́ "Àjàyí Òjó Àìná" kiri àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka kan fi ń lọ: '12' ṣe é sọ di nọ́ńbà, '12,15,19' kò ṣe é sọ.

Ẹ tú u sí ìlà kí ẹ tó lò ó:

`WHERE BranchId IN (SELECT CAST(value AS int) FROM STRING_SPLIT(@Branches, ',') WHERE value <> '')`

STRING_SPLIT ló ń gé ọ̀rọ̀ níbi kọ́mà, CAST ló ń sọ ọ́ di nọ́ńbà. Láti SQL Server 2016 ni STRING_SPLIT ti wà. Àmọ́ ẹ yẹ compatibility level database yín wò, ìyẹn ẹ̀dà SQL Server tí database náà ń hùwà bíi tirẹ̀. Tí kò bá tó 130, server á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, 2019 tiẹ̀ ni. Database tí wọ́n gbé wá láti orí server àtijọ́ sábà máa ń gbé level àtijọ́ rẹ̀ dání wá.

Ọmọ Ìbàdàn, Toronto
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé `value <> ''` yẹn fún wọn. Àwọn èèyàn máa ń yọ ọ́ dànù.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Àbúrò, o ṣeun. App lè fi '12,15,' ránṣẹ́, kí kọ́mà ṣẹ́kù sí ìdí. Ìlà mẹ́ta lẹ máa rí gbà, ìkẹta á sì ṣófo. Èèyàn á rò pé òfìfo yẹn á gbé error wá tí CAST bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rárá o! 0 ni SQL Server máa sọ ọ́ dà, wẹ́rẹ́ báyìí, kò ní pariwo. Bí ẹ bá wá ní ẹ̀ka kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, irú èyí tí wọ́n máa ń kó ọjà tí kò ní ilé sí, owó ibẹ̀ á wọ inú ìjábọ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé. TRY_CAST (CAST tí kì í gbé error wá) náà kò gbani níbẹ̀, 0 lòun náà máa fún yín.

Space kò dí nọ́ńbà lọ́wọ́, ' 15' á di 15. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ' Leeds' kì í ṣe 'Leeds'. Ẹ fi TRIM gé e.

Ọmọ Ìbàdàn, Toronto
Ẹ má gbàgbé orúkọ tiwa náà o. Tí lísìtì yín bá jẹ́ orúkọ, nvarchar (irú ọ̀rọ̀ tó ń gba gbogbo lẹ́tà) ni kí parameter (ohun tí app ń fi ránṣẹ́ sí procedure) jẹ́, kí ẹ sì fi N síwájú rẹ̀: `N'Ṣadé,Ọlá'`. Tí ẹ bá lo varchar lórí collation (ètò lẹ́tà) Òyìnbó tó wọ́pọ̀, '?adé,?lá' ló máa dé ọ̀hún. Kò sí error kankan, ìjábọ̀ á kàn jáde lófìfo. Inú máa ń bí mi sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àǹtí Dublin
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo PostgreSQL, tiyín rọrùn:

`WHERE branch_id = ANY (string_to_array(p_branches, ',')::int[])`

Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fi máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́? Ẹ kúkú jẹ́ kí parameter jẹ́ int[]. MySQL ní FIND_IN_SET, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kò lè lo index (atọ́nà tó ń mú kí ìwákiri yá) tó wà lórí column yẹn, gbogbo téébù ló máa kà. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí 15 nínú '12, 15' nítorí space yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Àǹtí, òdodo ọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ yín ló ni app yẹn, ẹ má fi kọ́mà ránṣẹ́ mọ́. Láti 2008 ni SQL Server ti gbà kí parameter jẹ́ téébù:

`CREATE TYPE dbo.IntList AS TABLE (Id int PRIMARY KEY);`

Nínú procedure, ẹ kọ `@Branches dbo.IntList READONLY`, dandan ni READONLY yẹn. Ẹ wá fi JOIN so ó mọ́ Sales. Lọ́wọ́ .NET, DataTable ni wọ́n máa kó nọ́ńbà sí, SqlDbType.Structured ni wọ́n máa pè é. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìtúkọ́mà parí síbẹ̀, àti ti òfìfo, àti ti DROP TABLE. Kí app ṣáà má fi 12 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, PRIMARY KEY kò ní gbà á.

Tó bá jẹ́ Reporting Services (irinṣẹ́ ìjábọ̀ SQL Server) ló ń pe procedure yín, oníkọ́mà náà ló máa fi ránṣẹ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. STRING_SPLIT ni kí ẹ dì mú.

Ìyá Ìbejì, Leicester
Ẹ ṣé gan-an ni. App tiwa ni, mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe é. Kó tó dìgbà yẹn, STRING_SPLIT ni mo fi sí i, level wa 150 ni. Ó kù ẹyọ kan: ọ̀gá fẹ́ kí ẹ̀ka jáde bó ṣe tò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Houston
STRING_SPLIT kò ṣèlérí ètò. Ní 2022 ni wọ́n tó fi `enable_ordinal`, tó ń fi nọ́ńbà ipò hàn, kún un, ẹ̀yin sì wà lórí 2019. Ẹ lo `OPENJSON('[' + @Branches + ']')`, tó ń ka lísìtì bíi JSON, tó sì ń tú u sí ìlà. Column `[key]` ló ń sọ ipò kọ̀ọ̀kan, láti 0 lọ. Ọ̀rọ̀ ni server kà á sí, ẹ sọ ọ́ di int nínú ORDER BY, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ 10 á ṣáájú 2. Kí app má sì fi kọ́mà sílẹ̀ ní ìdí o, JSON kò gbà á.