Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ń kọ ọdún 1970 sórí rìsíìtì: ta ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amòfin àárín wa. Ìlẹ́ṣà ni mo wà, mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń gba owó ìsọ̀.

Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà wa ti kú. Bí iná bá lọ tó sì dé (ẹ ṣáà mọ iná wa), ọdún 1970 ló máa ń padà sí. Rìsíìtì bíi mélòó kan ti jáde bẹ́ẹ̀, èmi ni mo buwọ́ lù wọ́n. Kọ̀ǹpútà yìí náà ló wá ka ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà mọ́ àwọn ajigbèsè, la bá bu owó ìtanràn lé e. Ìyá ti san owó ìsọ̀ rẹ̀ ṣáájú o! Ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ló kù. Ọmọ òṣómàáló kì í fowó ṣeré, mi ò bá wọn wí.

Mo ti sọ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n máa fi bíírò tún déètì kọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ pè é ní ayédèrú. Mo ti ka abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, tó sọ̀rọ̀ nípa bóyá kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé tó tẹ̀. Mo rò ó kí n ra bátìrì fúnra mi, àmọ́ ìyẹn ò ní tún ti àtẹ̀yìnwá ṣe.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí ìyá yìí bá pẹjọ́, ṣé ọ́fíìsì ni yóò jẹ́jọ́, àbí èmi tí mo buwọ́ lù ú?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.