Ìfúnpá kọ́, ìfúnpọ̀ ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀gbọ́n tó mú “ìdínkù ìfúnpá” wá lánàá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì kó tó gbé tọ́bò lé e, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Ìfúnpá tí èmi bá nílé, oògùn ni, apá ni ọkùnrin ń so ó mọ́. Àwọn elétò ìlera ti sọ ọ́ di ti ẹ̀jẹ̀, mo jà títí ó fi rẹ̀ mí. Ó wá kan ọkọ̀?

Kí a tilẹ̀ gbàgbé apá. Tọ́bò ń fi èéfín tó ń jáde yí abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà. Títì yẹn ń le sí i ni, kò dín kù rárá! Ohun tí wọ́n ń dín ni bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ tó, torí bó bá fún jù, á gbóná, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀ níbi tí iná púlọ́ọ̀gì kò tíì dé. Ẹ wo ọkọ̀ BMW tí wọ́n ń pè ní 2002. Ti tii, irú rẹ̀ tí kò ní tọ́bò, 9.5 sí 1. Ti Turbo tó jáde ní 1973, ẹ́ńjìnnì lítà 2 kan náà, 6.9 sí 1. Àyè 9.5 la fún pọ̀ di ẹyọ 1 nínú ti àkọ́kọ́ yẹn. “Pọ̀” ni mọ́fíìmù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, tó gbé iṣẹ́ náà. “Pá” kò gbé nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti ń kọ́ni lédè láti 20 ọdún. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣe mẹkáníìkì ní Mushin kò kàwé. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á fi àtàǹpàkò tó dúdú fún ọ́ìlì dí ihò rẹ̀, wọ́n á ní kí n sítáàtì. Bí afẹ́fẹ́ bá ta ìka wọn dànù, wọ́n á ní, “Ó fún.” Bí kò bá tà á, “Ó ti dẹ̀.” Ó tán. Fún àti dẹ̀, bíi ti okùn, bíi ti ṣòkòtò. Owó ló ń dín kù.

Mo mọ ẹni tó máa dìde: bí a bá kọ “dẹ ìfúnpọ̀”, ohùn ìsàlẹ̀ orí “dẹ̀” á di àárín níwájú àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e, á wá dà bí ẹni dẹ pàkúté. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tèmi fún iṣẹ́ náà fi jẹ́ “mú ìfúnpọ̀ dẹ̀”. Písítìnì tí orí rẹ̀ jin bí àwo ọbẹ̀ ń mú un dẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn náà ń mú un dẹ̀. Ẹni tó bá lọ fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ó ń mú un fún sí i ni.

Ẹni tó sì ń pe gbígbiná òjijì yẹn ní nọ́ọ̀kì: ní gáréèjì, ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kì, òkú ni. Ọ̀tọ̀ ni ìró kọ̀kọ̀kọ̀ tó ṣáájú ikú. “Ìkanlẹ̀kùn” tí àbúrò wa kan wá mú wá dípò nọ́ọ̀kì ńkọ́? Ilẹ̀kùn wo? Ó ní fáàfù ni ilẹ̀kùn. Kó dúró dè mí lọ́la.