Ṣé mò ń fìyà jẹ bàbá mi ni? Ọ̀rọ̀ ẹja inú agolo

Àbẹ̀kẹ́ Chicago:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Bàbá mi ti wà lọ́dọ̀ mi níbí láti oṣù kẹwàá. Èmi nìkan ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ra kóòtù, èmi náà ni mo ra bàtà òtútù ẹ̀ẹ̀mejì nítorí wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ń fún àwọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Kọ́bọ̀! Lánàá ló pè wá lórí fídíò, ló bá rí bàbá nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Kí nìyẹn? Ẹja inú agolo? Ṣé oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé lo fẹ́ fi pa bàbá wa ni?" Ìyàwó ẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ó ní ẹja tó ti kú láti ọdún méjì, kí ló tún kù lára ẹ̀.

Kì í sì í ṣe sàdíìnì o. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout ni, èyí tí wọ́n yan, tí wọ́n wá rẹ sínú òróró. Owó ẹ̀ ju ti sàdíìnì lọ dáadáa. Bàbá fúnra wọn ló fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní ó ń rán àwọn létí ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò lè máa dúró ti ìkòkò tọ̀sántòru. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé èròjà aṣaralóore wà nínú ẹja yìí àbí kò sí? Kí n rí nǹkan fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ìyá Ìbejì:
Irú ẹ̀gbọ́n tí kì í fowó sílẹ̀ tó sì mọ ẹjọ́ rò, a ní méjì nílé wa. Nígbà tí màámi wá sí Houston, wọ́n ní mi ò fún wọn lẹ́ran jẹ. Màámi tí kò leyín! Ẹ má dá wọn lóhùn.

Baba Onígàrí:
Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa n'Ífẹ̀, ẹni tó bá ní sàdíìnì agolo kan lọ́wọ́ nígbà tówó bá tán, ọba ni. Èèyàn mẹ́rin la máa ń pín in. Ẹni tó ni ín ló máa da òróró ẹ̀ sórí gàrí tiẹ̀, àwa yòókù á máa wò ó lẹ́nu. Ìjà kan wà tó ṣẹlẹ̀ nítorí òróró yẹn, ẹ jẹ́ n má wulẹ̀ sọ ọ́. A ṣì wà láàyè.

Jẹun Dáadáa:
Kẹ́míkà ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó lè wà nínú agolo lọ́dún mẹ́ta tí kò rà, ṣé oúnjẹ nìyẹn? Ẹ lọ ra ẹja àrọ̀ fún bàbá yín.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Jẹun Dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe kẹ́míkà ló ń pa á mọ́, ooru ni. Wọ́n á to ẹja sínú agolo, wọ́n á dé e pa pinpin, wọ́n á wá sè é tòun ti agolo nínú ìkòkò ńlá tí ooru ẹ̀ ju ti omi híhó lọ. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ á kú, òmíràn ò sì ní rọ́nà wọlé.

Aǹtí Àbẹ̀kẹ́, oúnjẹ gidi ni. Ẹja ọlọ́ràá ni trout, ọ̀rá omega-3 tó dára fún ọkàn wà nínú ẹ̀, fítámì B12 pọ̀ níbẹ̀, èròjà amúaradàgbà ẹ̀ ò sì bá ooru lọ. Ti fítámì D ló jọ mí lójú jù. Gíráàmù 85 trout ọ̀sìn tí wọ́n sè ní nǹkan bí 645 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì nìyẹn), sàdíìnì kékeré méjì ò ju bí 46 lọ. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nílò 800 lójúmọ́. Bàbá aláwọ̀ dúdú tó há sílé ní Chicago látìgbà òtútù, níbo loòrùn tó ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D ti fẹ́ bá wọn? Calcium nìkan ni sàdíìnì fi jù ú, nítorí a máa ń jẹ ẹ́ tegungun-tegungun, wọ́n sì sábà máa ń yọ ti trout kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni iyọ̀. Èyí tí wọ́n bá yan máa ń níyọ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo: sodium, ìyẹn èròjà inú iyọ̀, ò gbọdọ̀ ju 2,300 mg lọ lójúmọ́, gbogbo oúnjẹ pọ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá? Ṣé wọ́n ń loògùn? Agolo mélòó lọ́jọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Chicago:
Ọlọ́run á bù kún yín, nọ́ọ̀sì! Mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti kà á, kò fèsì.

Awakọ̀ Tírélà:
Mo máa ń gba Idaho kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin èyí tó pọ̀ jù nínú trout ọ̀sìn Amẹ́ríkà. Omi tútù ló ń tú jáde lára àpáta lẹ́bàá odò Snake, wọ́n á darí ẹ̀ sínú odò àtọwọ́dá. Omi yẹn mọ́ ju omi ẹ̀rọ ilé mi lọ.

Jẹun Dáadáa:
Ẹja ọ̀sìn náà kọ́.

Baba Onígàrí:
Ẹja àrọ̀ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n lọ rà ńkọ́, ṣé inú igbó ló ti ń hù?

Ìyá Ìbejì:
Aǹtí, ẹ dáhùn ohun tí nọ́ọ̀sì bi yín o.

Àbẹ̀kẹ́ Chicago:
Ẹ̀yin náà ti ń rojọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá mi kì í ṣe aláìsàn. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni, wọ́n sì ń loògùn ẹ̀ déédéé, èyí tó ń mú wọn tọ̀ ṣáá. Agolo méjì ni lójúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, wọ́n á fi ẹ̀bà nu òróró ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n sì máa ń mu ìgò stout kan tí wọ́n bá fẹ́ sùn, baba àgbà ni wọ́n, ta ni mo jẹ́ tí màá gbà á lọ́wọ́ wọn? Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rojọ́, bàtà ni mo sì fura sí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹsẹ̀ báwo?

Àbẹ̀kẹ́ Chicago:
Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Òru Friday ló ṣàdédé wú, ó gbóná, ó ń dán. Wọn ò fẹ́ kí aṣọ ìbora pàápàá kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n tẹ nǹkan kí wọ́n tó kúrò n'Íjẹ̀bú. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, ti àkọ́kọ́ lọ fúnra ẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, ìgbà yẹn ni mo pààrọ̀ bàtà.

Jẹun Dáadáa:
Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ o, kẹ́míkà lẹ sọ.

Aǹtí mi, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kì í ṣe bàtà, kò sì dájú pé wọ́n tẹ nǹkan kan. Ó jọ gáòtù, àìsàn tó ń mú oríkèé wú. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní purine, ó pọ̀ nínú trout, sàdíìnì, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Tó bá dénú ara, á di uric acid. Tí ìyẹn bá pọ̀ jù, á dì bí ìfọ́ ìgò sí oríkèé ọmọ ìka. Ọtí bíà àti stout ń fi kún un. Àwọn kan nínú oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ kì í sì í jẹ́ kó bá ìtọ̀ jáde dáadáa. Bàbá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Mi ò lè dá a mọ̀ látorí fóònù, ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ ibẹ̀. Tí ibà bá ti bá a rìn, ẹ má dúró dọ̀la. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n sì wo oògùn yẹn. Ẹ má fúnra yín dá a dúró o! Ẹ fi agolo àti stout sílẹ̀ ná.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ tún gbàdúrà sí ẹsẹ̀ náà. A ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ aráyé.

Awakọ̀ Tírélà:
Gáòtù ti mú mi rí. Ẹni tó bá ti mú mọ̀ pé kì í ṣe ohun àdúrà nìkan.

Àbẹ̀kẹ́ Chicago:
Wọn ò ní insurance kankan níbí, ẹ rántí pé àlejò ni wọ́n. Òun ni mi ò ṣe tíì gbé wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ wá ilé ìwòsàn àdúgbò tí wọ́n ti ń gbowó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí ń wọlé féèyàn. Wọ́n wà ní Chicago dáadáa. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání.

Àbẹ̀kẹ́ Chicago:
Mo ti rí ọ̀kan, wọ́n ní ká wá lọ́la ní aago mẹ́wàá. Kò síbà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì, ó ní òun gbà, pé trout dáa, kí n máa fún bàbá lọ. Ẹ tiẹ̀ wo ìgbà tó wá gbà! Bàbá náà sì ń pariwo láti yàrá pé ṣé agolo ṣì kù.

Baba Onígàrí:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ti ń rà á gan-an?